Ámúpù Tí Kì Í Kú fún Mùtíù

Èèrà ni mo kọ́kọ́ rí. Gbogbo ọgbà àgọ́ ọlọ́pàá ń pariwo iná pupa tó tàn lára ámúpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ga. Ṣẹ́gun tó wá fẹjọ́ sùn ń nàka sí iná pupa, Sájẹ́ǹtì tẹ̀ ba nídìí búùtù ọkọ̀, ó ń wo iná pupa bí ẹni pé yóò dárúkọ ẹni tó tàn án. Èmi ò rí ti iná rò. Èèrà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba etí búùtù wọlé, wọ́n gba ẹ̀yìn àpótí wúfà kọjá, wọ́n sì ń wọ ibi tí wọ́n ti de wáyà mọ́ ara ámúpù. Èèrà kì í jẹ irin. Mo fi ìyẹn sínú, mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí ní Tudun Wada, àlejò ni. Ọmọ́lẹ́yẹ ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Màmá Ìnísípẹ́tọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè mí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Kàdúná. Orúnkún ń dùn mí, mi ò fẹ́ràn ariwo, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí nídìí kosai, àkàrà àárọ̀ mi. Sájẹ́ǹtì mọ gbogbo èyí. Abẹ́ mi ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì pè mí bẹ́ẹ̀ náà.

"Madam, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Mi ò fẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mọ́lé nítorí ẹ̀rọ orin. Ṣùgbọ́n àbúrò ti fẹjọ́ sùn, ó ní òun ò ní yọ ọ́. Bí nǹkan ò bá yanjú lónìí tàbí lọ́la, kóòtù ni lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Kí ni wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ṣe?"

"Wọ́n ní òun ló ń ba ámúpù jẹ́."

Bí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe rí nìyí. Bàbá wọn, tó ti di olóògbé, fi ọkọ̀ Gọ́ọ̀fù funfun kan sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Wọ́n pawọ́ pọ̀ gbé wúfà ńlá sí búùtù rẹ̀, wọ́n so spíkà mọ́ òrùlé, wọ́n sì de ámúpù mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Ámúpù ló ń fún gbogbo wọn lágbára. Tó bá ti kú, ọkọ̀ náà yadi. Kristẹni ni Ṣẹ́gun bíi bàbá wọn, Mùsùlùmí ni Mùtíù bíi ìyá wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe dàgbà nínú ilé yẹn láìsí ìjà. Lọ́jọ́ Sátidé, Ṣẹ́gun á gbé ọkọ̀ lọ wàásù ní oríta. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Mùtíù á gbé e lọ síbi wàlímọ̀ tí wọ́n bá pè é sí.

Láti bí oṣù mélòó kan, ámúpù ò jẹ́ kí Ṣẹ́gun gbádùn. Gbogbo Sátidé ló ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Iná pupa á tàn, ohùn á dákẹ́. Tó bá di Sọ́ńdè, á kọrin fún Mùtíù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò ní húkọ́.

"Màmá, ẹ gbọ́ ná," Ṣẹ́gun ní, òógùn bò ó lójú nínú ọyẹ́. "Lónìí, níwájú pásítọ̀ àgbà wa! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí àwọn ará gbé orin, gbì! ó kú. Àwọn ọlọ́kadà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ló dé tí kì í kú fún Mùtíù? Ẹ bi í!"

Mo gbọ́ pé orúkọ lásán ló fi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mùtíù náà gbọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó káwọ́ gbera, ọkùnrin gíga tó dákẹ́ bíi mọ́ṣáláṣí ọ̀sán Mọ́ńdè.

"Mùtíù, ìwọ ńkọ́?"

"Màmá, mi ò ní ọ̀rọ̀ sọ."

"Ṣé o ṣe é?"

"Tí ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn bá lè ní mo ṣe é, kí làwọn tó kù ń bi mí fún?" Ó gbójú sókè. "Mo ti ní kí Ràhmát máa di ẹrù. Bí ẹ bá tú mi sílẹ̀, lọ́la la ń lọ sí Ìlọrin. Bí ẹ bá tì mí mọ́lé, ọjọ́ tí mo bá jáde ni màá lọ. Mi ò lè máa gbé ilé tí wọ́n ti ń pè mí ní ọ̀bàyéjẹ́."

"Àlàájà ńkọ́?"

Ìyẹn ló dùn ún. Àwọn méjèèjì nìkan ni Àlàájà bí, arúgbó sì ti ń di èèyàn tí wọ́n ń fà dìde lórí ẹní ìrun. Mùtíù ló ń fà á. Ó yíjú sí ògiri.

Mo dúró fún un, Sájẹ́ǹtì sì jẹ́ kó máa lọ sílé. Mo ní kí Ṣẹ́gun fi ọkọ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn pẹ̀lú búùtù ní ṣíṣí, kí èmi lọ parí kosai mi. Mi ò ní ìdí kankan tó ju ebi lọ. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé ebi yẹn gbọ́n jù mí lọ.

Nígbà tí a ó fi gbéra lọ sí Chikaji, ọjọ́ ti yí sí ọ̀sán. Chikaji ni ṣọ́ọ̀bù Ọládàpọ̀ wà, ẹni tó de gbogbo wáyà inú ọkọ̀ yẹn, nítòsí ilé-iṣẹ́ kan tó ti kógbá wọlé. Òun ni mo kọ́kọ́ fura sí, kí n má purọ́. Ẹni tó bá ń tún nǹkan ṣe lóṣooṣù kì í fẹ́ kí nǹkan ọ̀hún sàn.

"Tan án," mo sọ fún Ṣẹ́gun.

Ó tan án. Wúfà lù gbìì, páànù òrùlé ṣọ́ọ̀bù gbọ̀n, ewúrẹ́ kan sá. Kò sí iná pupa, kò sí nǹkan kan.

Ṣẹ́gun ká ọwọ́ lé orí. "Ẹ rí i? Ẹ rí i! Mùtíù mọ̀ pé ẹ ti dá sí i ló ṣe jẹ́ kó ṣiṣẹ́!"

"Ọmọ mi, láti ilé ló ti ń ṣe é ni, àbí atẹ́gùn ló fi rán? Dákẹ́, jẹ́ n ronú." Mo kọjú sí Ọládàpọ̀. "Ìwọ, kí ló ń pa ámúpù?"

"Màmá, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé e wá síbí, ó máa ń yá. Mo ti sọ fún bọ̀dá Ṣẹ́gun, ó ní mo ń tan òun jẹ."

"Mi ò bi ọ́ nípa ìyẹn."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Tí wáyà ilẹ̀ ò bá dì mọ́ ara ọkọ̀ dáadáa, ó lè kú." Ó fà á; ó dì pinpin. "Tí bátìrì bá ti rẹ̀ ẹ́." Ó fi míítà wọ̀n ọ́n, ó dára. "Tó bá gbóná jù."

"Àárọ̀ ló ń kú, nínú òtútù. Ọ̀sán gangan nìyí, oòrùn ń jó wa, ó ń kọrin. Yọ ìyẹn kúrò."

"Ó wá ku kí wáyà spíkà méjì kanra. Tí wọ́n bá kanra, ámúpù á ti ara rẹ̀ pa kó má baà jóná. Ohun tí iná pupa yẹn ń sọ gan-an nìyẹn."

"Ṣé wọ́n kanra?"

"Rárá o. Èmi ni mo dè wọ́n, ẹ wo àlàfo àárín wọn."

Mo wo àlàfo náà. Àbàwọ́n dúdú kan gbẹ mọ́ ibẹ̀, ó tàn láti orí wáyà kan dé èkejì, àwọn èèrà mi sì dúró lé e lórí bí ẹni tó wá jẹ sàráà.

"Kí nìyí?"

Ọládàpọ̀ bojú wò ó. "Zobo! Àwọn akọrin wọn ni. Mo ti ní kí wọ́n má máa gbé nǹkan mímu sí búùtù."

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mu zobo nínú ọkọ̀ mi!" Ṣẹ́gun ké. "Omi gan-an mi ò gbà."

Mo fi èékánná họ díẹ̀, mo fi kan ahọ́n. Ṣẹ́gun pariwo "Màmá!" bí ẹni pé mo gbé májèlé jẹ. Zobo máa ń kan, ó sì máa ń pọ́n. Èyí dúdú, ó dùn, dídùn oyin, nǹkan kan bí èéfín igi sì wà lẹ́yìn adùn náà. Mo ti tọ́ irú rẹ̀ wò rí, ìgbà èwe, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti tọ́ ọ wò ò wá sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Orí àgbà, ẹ foríjì í.

"Ọládàpọ̀, tí nǹkan yìí bá tutù, ṣé iná lè gba orí rẹ̀ kọjá?"

Ó ronú. "Tó bá tutù, ó lè so wáyà méjèèjì pọ̀. Ámúpù á kú kíá."

"Tó bá gbẹ?"

"Á yá." Ó wò mí, ó wo ámúpù. "Ah! Ìdí nìyẹn tó fi máa ń yá tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ mi!"

"Ìdí nìyẹn tó fi máa ń kọrin fún Mùtíù lọ́jọ́ Sọ́ńdè," mo ní. "Ó ti gbẹ kó tó kàn án. Ẹnì kan ń dà á sí i kí Ṣẹ́gun tó jáde láàárọ̀ Sátidé. Ṣẹ́gun, níbo ni kọ́kọ́rọ́ búùtù ń sùn?"

"Lára ìṣó ní pálọ̀. Gbogbo wa la mọ ibẹ̀."

"Ta ni gbogbo yín?"

"Èmi, Mùtíù, Ràhmát ìyàwó rẹ̀, àti Màmá." Ó nàka sí àbàwọ́n náà. "Ẹ kúkú ti rí i báyìí. Ta ló tún kù?"

 Inú mi ti ń dùn, ìdùnnú burúkú tí mo mọ̀ dáadáa, tó máa ń gbé mi nígbà tí ọ̀ràn bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Kì í bìkítà fún ẹni tí ọ̀ràn náà máa pa lára.

Dókítà Babájídé ń gbé iwájú ilé wọn. Ọsibítù ló máa ń sùn lálẹ́ Fráídè, àárọ̀ kùtù Sátidé ló sì máa ń wọlé. Mo bá a níbi tó ti ń fọ bàtà.

"Dókítà, ǹjẹ́ o rí ẹnikẹ́ni nídìí Gọ́ọ̀fù yẹn láàárọ̀ yìí?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Màmá, mi ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wọn."

"Ìjà ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ. Sọ̀rọ̀."

"Obìnrin kan ni, ó wọ híjáàbù. Ẹ̀yìn ló kọ sí mi. Mo rò pé ìyàwó Mùtíù ni."

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó kàn dúró ni, ó pẹ́ díẹ̀. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó ṣí búùtù. Nínú ọyẹ́ yìí! Ilẹ̀ tutù bíi yìnyín."

Ràhmát ò ní sùúrù, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Mo bá a nínú yàrá, ó ń di ìkòkò sínú àpò.

"Màmá Ìnísípẹ́tọ̀, ẹ káàbọ̀. Ẹ wá wo ẹrù mi, bóyá mo jí ámúpù pamọ́ sínú rẹ̀."

"Ràhmát, wọ́n rí ẹ nídìí búùtù láàárọ̀."

"Èmi?" Ó fi ìkòkò lélẹ̀ gbàgà. "Wallahi, tí mo bá fẹ́ ba nǹkan Ṣẹ́gun jẹ́, ojú rẹ̀ ni màá ti bà á jẹ́, màá sì jókòó tì í. Òun gan-an mọ̀!"

Mo gbà á gbọ́. Ẹni tó ń pariwo báyìí kì í yọ́ rìn.

"Obìnrin tí wọ́n rí wọ híjáàbù. Ó bọ́ bàtà kó tó ṣí búùtù."

"Bọ́ bàtà kẹ̀? Haba! Ìrun wo ni mo fẹ́ lọ kí nínú búùtù?"

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ó wò mí, mo wò ó, ojú àwa méjèèjì sì lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá ọkọ rẹ̀ lódìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Màmá," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ níbi tó dé. A kúkú ti ń lọ."

"Wọ́n á máa pe ọkọ rẹ ní ọ̀bàyéjẹ́ o."

"Kí wọ́n máa pè é. Ó sàn ju kí wọ́n nàka sí Màmá lọ."

Ó yẹ kí n gbọ́rọ̀ sí obìnrin yẹn lẹ́nu. Mi ò gbọ́. Ìgbà tí mo ń bọ̀ lójú ọ̀nà ni adùn yẹn padà sí mi lẹ́nu, mo sì rántí ibi tí mo ti tọ́ ọ wò. Hàntú ni. Tudun Wada yìí ni mo dàgbà sí, ilé ìyá Hausa kan ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Rubutu ni àwọn ń pè é. Máálàmù á fi tàdáwà tí wọ́n fi èédú ṣe kọ Kùránì sórí wàláà, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n á fi oyin sí i. Ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá á mu ún. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà á fi bọ́jú.

Ẹni tó ń ba nǹkan jẹ́ kì í bọ́ bàtà. Ẹni tó ń gbàdúrà ló ń bọ́ bàtà.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, mo bá Àlàájà lórí ẹní rẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Ìgò kékeré kan wà lójú fèrèsé, omi inú rẹ̀ dúdú.

"Ọmọ́lẹ́yẹ, o ti jí wá."

"Ẹ káàárọ̀ o, Àlàájà. Ṣé ara le?"

"Àwọn ọmọ mi ń túká, ara ta ló máa le?"

Mo jókòó tì í nílẹ̀, orúnkún mi ké. "Àlàájà, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń ṣí búùtù Ṣẹ́gun láàárọ̀ Sátidé?"

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bi èèyàn ní irú ìbéèrè yẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ sẹ́. Àlàájà ò sẹ́ rárá.

"Èmi ni," ó ní, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́ o! Kò ní gbà. Ó ní ọ̀dọ̀ Jésù nìkan ni ààbò òun wà, mo sì gbà fún un. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bí i. O rántí ọjọ́ tó wálé tí gíláàsì iwájú ọkọ̀ ti fọ́, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó sọ òkúta? Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti gbé ẹ̀rọ yẹn jáde, oúnjẹ ò ní lọ lọ́fun mi títí á fi dé. Mo wá lọ bá Máálàmù. Ó kọ ọ́ fún mi, ó fọ̀ ọ́, ó ní kí n máa fi wọ́n ohun tó ń gbé jáde."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ara ámúpù?"

"Ṣé kí n dà á sára ọkọ̀ funfun kó rí i ni? Àpótí yẹn dúdú, kò hàn níbẹ̀. Òun náà sì ni ẹnu ọkọ̀. Ìwàásù tó ń bí àwọn èèyàn nínú, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ló ti ń jáde?"

"Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kí lẹ rò?"

"Mo ní ọ̀tá ti dé nìyẹn. Mo fi kún un."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀, bí ìyá tó fi omi tútù lé ibà ọmọ rẹ̀. Mo ní láti sọ fún un. Mo ṣàlàyé wáyà méjì àti omi tó so wọ́n pọ̀, mo ṣàlàyé oòrùn tó ń gbẹ ẹ́ kó tó di Sọ́ńdè. Mo ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mo ń gbójú kúrò lójú rẹ̀. Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi?" ó ní. "Èmi ni mo sọ Mùtíù di ẹni tí wọ́n gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá?"

"Ẹ ò mọ̀, Àlàájà."

"Ṣẹ́gun kò ní dárí jì mí. Á ní mo kó ẹ̀sìn mi wọ iṣẹ́ Ọlọ́run òun." Ó sunkún díẹ̀, ó fi etí híjáàbù nu ojú. Nígbà tó ṣe, ó nàwọ́ sí fèrèsé. "Gbé e. Ìyókù rẹ̀ nìyẹn. Lọ sọ fún wọn kí Mùtíù tó lọ. Ẹnu mi ò ní lè gbé e."

Wọ́n ti kó ẹrù Mùtíù síta nígbà tí mo dé àgbàlá. Sájẹ́ǹtì ti dé, Ọládàpọ̀ náà ti dé, Ràhmát jókòó sórí àpò kan, kò fẹ́ wo ojú mi. Mo ní kí Ṣẹ́gun tan ẹ̀rọ. Ó kọrin geere.

"Mùtíù, wá dúró síbí, kí gbogbo wa lè máa rí ọwọ́ rẹ méjèèjì."

Ó dúró. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣí ìdérí ìgò. Ẹ̀kán díẹ̀ ìbá tó. Ọládàpọ̀ ti sọ fún mi pé ẹ̀kán díẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó dájú, mo sì fẹ́ràn kí ẹnu ya èèyàn, ìwà mi nìyẹn. Mo da ìgò dorí kodò sára ámúpù, gbogbo rẹ̀ ló tú jáde. Orin kọ ẹyọ kan, ó dákẹ́. Iná pupa tàn.

"Kí lẹ dà sí i?" Ṣẹ́gun ké.

"Ohun tí wọ́n ń dà sí i ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Hàntú ni. Ìyá rẹ ló ń dà á, kí òkúta má baà tún bà ọ́. Kò mọ̀ pé ó ń pa ẹ̀rọ."

Àlàájà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di òpó mú. Ojú Ṣẹ́gun pọ́n.

"Hàntú? Nínú ọkọ̀ ìwàásù? Màmá! Ẹ mọ̀ pé mi ò..."

"Ṣẹ́gun." Mùtíù ni. Kò pariwo. "O ò gbọdọ̀ jágbe mọ́ Màmá."

 Ṣẹ́gun wo ìyá rẹ̀, ó wo ẹrù tó wà nílẹ̀, ó wá wo ọlọ́pàá tí ẹjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ sùn gbé wá sí ilé bàbá wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ̀yin kọ́. Mo pè yín ní ohun tí ẹ ò jẹ́. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ dárí jì mí."

"Dìde," Mùtíù ní, ó fà á sókè. "Mo ti gbọ́. Ó ti tán."

Sájẹ́ǹtì ní ẹjọ́ ti túká. Ọládàpọ̀ pàtẹ́wọ́. Èmi náà, ẹ má bínú, mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo ti ṣe é yanjú.

Mùtíù ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìyá rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ti dà á fún èmi náà rí?"

"Èwo?"

"Lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ìgbà míì, ọ̀nà Kánò ni mo ti ń bọ̀, ilẹ̀ á ti ṣú, gbogbo wa sì mọ ohun tó wà lójú ọ̀nà yẹn. Ṣé ẹ ti jí lọ sídìí búùtù fún èmi náà rí?"

Àlàájà la ẹnu, ó pa á dé. 

"Mùtíù," ó ní nígbà tó yá, "ẹ̀rù ò bà mí rí nítorí rẹ ni. Láti kékeré. Ìwọ lo máa ń tọ́jú gbogbo wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Mùtíù ní. "Mo mọ̀."

Ó lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ó kúnlẹ̀, ó sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì bí ọmọdé tó ń gba ẹ̀wà. "Ẹ bu díẹ̀ fún mi, kí n fi bọ́jú kí n tó máa lọ."

Àlàájà nàwọ́ sí mi láti gba ìgò. Mo wo ìgò. Mo mì í. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo fi ọwọ́ gbá ìdí rẹ̀, ẹ̀kán kan ò jáde. Ìtìjú tí mi ò rí rí níwájú adájọ́ kankan mú mi níbi tí mo dúró sí.

"Ó ti tán," mo ní. "Mo ti dà á tán, Àlàájà."

Kò bá mi wí. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sídìí búùtù. Ràhmát sáré lọ dì í mú kó má ṣubú. Ó nàwọ́ wọlé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ara ámúpù síwá sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ sì jáde ní dúdú, pẹ̀lú eruku, pẹ̀lú èèrà. Mùtíù ti wá bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ yẹn pa á lórí, ó fi pa á lójú, ó ń ké áyà Kùránì ní ohùn tó ń gbọ̀n, nígbà tí Lárúbáwá tán lẹ́nu rẹ̀, ó fi Yorùbá kún un, ó ní ọmọ òun, àkọ́bí òun, ẹni tí òun ò ṣọ́ nítorí pé òun ń fẹ̀yìn tì í. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Sájẹ́ǹtì yíjú sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n," Ṣẹ́gun ní, "ẹ ò ní lọ mọ́, àbí?"

Mùtíù nu ojú rẹ̀, dúdú náà tàn dé etí. "A ti di ẹrù, Ṣẹ́gun. Jẹ́ kí n lọ sinmi díẹ̀ ná. Ìwọ ni kí o máa fa Màmá dìde lórí ẹní. Ẹsẹ̀ òsì ló ń dùn ún, apá ọ̀tún ni kí o dúró sí."

Kò bínú lọ. Ká ní ó bínú ni, mà bá mọ ohun tí mà bá sọ fún un.

Ṣẹ́gun ló fi Gọ́ọ̀fù gbé wọn lọ sí gáréèjì. Èmi àti Àlàájà dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ fi yà ní kọ́nà. Kò tíì fọ ọwọ́ rẹ̀.

"Ọmọ́lẹ́yẹ," ó ní, "ìwọ tó o máa ń wá ìdí gbogbo nǹkan. Báwo ni mo ṣe tọ́ ọmọ yẹn tí kò fi mọ̀ pé mo fẹ́ràn òun?"

 Mo gbé àga fún un, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì jọ dúró de Ṣẹ́gun títí tí ó fi wa ọkọ̀ òfìfo padà dé.